Bí Àmúdàtù Ṣe Ra Ilé Oníbúrẹ́dì

Ẹni tó bá ti rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ní Muṣin láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn yóò mọ Àmúdàtù. Ìyá Roqeeb ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ó máa ń fi téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ kọ́ ọrùn láti òwúrọ̀, kì í sì í bọ́ ọ títí tí yóò fi jẹun alẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré méjì tó háyà lẹ́bàá ọ̀nà ló ti ń ṣiṣẹ́. Maṣíìnì mẹ́jọ ló kó síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ bá sì fẹ́ dìde, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa àga sẹ́yìn ná. Nígbà tí onílé sọ fún un pé òun fẹ́ wó ibẹ̀, pé kí ó kó jáde láàárín oṣù mẹ́fà, Àmúdàtù ní òun kò ní háyà ṣọ́ọ̀bù mọ́ láyé òun. Ilé ni òun máa rà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra ilé yìí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, kò sì ṣẹ̀yìn ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, òun àti Teslim ọkọ rẹ̀ ra ilẹ̀ kan lọ́nà Ìkòròdú. Wọ́n gba ìwé, wọ́n ya fọ́tò lórí ilẹ̀ náà, wọ́n tilẹ̀ ṣe mọ́ínmọ́ín fún àwọn tí wọ́n máa bá ṣe aládùúgbò. Ọjọ́ tí wọ́n kó búlọ́ọ̀kù lọ ni wọ́n bá ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin náà fi ìwé tirẹ̀ hàn wọ́n. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kẹta yọ sí wọn pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Teslim sunkún, ó sì gbàgbé. Àmúdàtù kò sunkún, kò sì gbàgbé. Láti ìgbà náà, bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wojú ọ̀run ná kó tó dá ọ lóhùn.

Teslim ló gbọ́ nípa ilé náà ní mọ́ṣáláṣí.

"Ilé àtijọ́ kan ni, ní Pápá Àjàó," ló wí. "Yàrá mẹ́fà. Ilé búrẹ́dì ńlá kan tún wà lẹ́yìn ẹ̀ tí wọn ò lò mọ́. O lè to ogún maṣíìnì síbẹ̀."

"Ta ló ni ín?"

"Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oníbúrẹ́dì. Ó ti kú tipẹ́. Alhaji Sùnmọ́nù, ọmọ ẹ̀ àgbà, ló fẹ́ tà á."

"Kí ló dé tó fẹ́ tà á?"

"Ìyá Roqeeb, ó fẹ́ tà á ni."

"Mo ti gbọ́ yẹn. Mo ní kí ló dé?"

Ní Sátidé, wọ́n lọ wò ó.

Alhaji Sùnmọ́nù ń dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó wọ bùbá funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ilé náà ti gbó lóòótọ́. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, fèrèsé onígi rẹ̀ méjì ti já, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ nípọn, kò sì sí ibi tó sán. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà funfun kun iwájú rẹ̀ ni. Àmúdàtù dúró wo ọ̀dà náà, ó yí orí díẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Lábẹ́ funfun yẹn, àwọn lẹ́tà pupa gàdàgbà kan ṣì ń yọjú: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

"Alhaji, kí lèyí?"

"Ṣé ìyẹn?" Sùnmọ́nù rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí àwọn oníjìbìtì pọ̀ ládùúgbò ni a kọ ọ́. Gbogbo ilé ibí yìí ló kọ irú ẹ̀."

Àmúdàtù wo ilé ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ti ọwọ́ òsì, ó wo èyí tó wà lódìkejì. Kò sí ibi tí wọ́n kọ nǹkan kan sí.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sí ẹ̀yìn, Sùnmọ́nù sì ti ilẹ̀kùn ńlá kan. Ibẹ̀ ni ọkàn Àmúdàtù fà sí pátápátá. Gbọ̀ngàn gbọọrọ ni, òrùlé rẹ̀ ga, fèrèsé mẹ́wàá ló wà lára rẹ̀, márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún. Ààrò bíríkì méjì wà ní ìpẹ̀kun kan, èéfín ti sọ ẹnu wọn di dúdú. Àwọn tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń po fúláwà ṣì dúró gírígírí. Ó bọ́ téèpù ọrùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀: maṣíìnì níbí, tábìlì ìgéṣọ níbẹ̀, ibi ìlọṣọ lọ́hùn-ún. Ìgbà tó dé ìpẹ̀kun kejì ló rí ilẹ̀kùn kékeré kan tí wọ́n fi àgádágodo tì.

"Kí ló wà nínú ibí?"

"Ibẹ̀ ni bàbá wa ń kó àpò fúláwà sí. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Sùnmọ́nù ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà bó ṣe ń sọ ọ́.

Àmúdàtù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo irin tó wà nínú gbọ̀ngàn náà ló ti dípẹtà, títí kan ìdè ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀. Àgádágodo náà nìkan ló ń dán. Ó fi ìka kàn án, òróró sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ni ilé yìí, Alhaji?"

"Èmi àti àbúrò mi obìnrin kan la kù. Sìnótù lorúkọ ẹ̀. Kò ní wàhálà kankan."

Iye tí Sùnmọ́nù dá lé ilé náà kéré gan-an sí ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ ní Pápá Àjàó. Inú Teslim dùn débi pé kò lè pa ẹnu dé bí wọ́n ṣe ń rìn jáde. Àmúdàtù ní tirẹ̀ ń nu òróró tó wà níka rẹ̀ mọ́ ìró, ojú rẹ̀ sì le.

"Kí ló dé tí kò fi wọ́n?" ló bi ọkọ rẹ̀.

"Bó bá wọ́n, wàá bínú. Bí kò wọ́n, ò ń bínú."

"Mi ò bínú. Mo ń béèrè ni."

Lódìkejì ilé náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dàda ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lábẹ́ agbòòrùn. Àmúdàtù padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé ó fẹ́ ra púlọ́ọ̀gì. Ó béèrè iye rẹ̀, ó béèrè bóyá iná ń dúró ládùúgbò, kó tó wá béèrè ilé Oníbúrẹ́dì. Ọwọ́ Dàda dúró lórí irin tó mú.

"Ẹ bi àwọn tó ni ín, Màmá."

"Mo ti bi wọ́n."

"Ó dáa náà." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nọ́ọ̀tì, lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wá o. Àwọn méjì ti wá ṣáájú yín. Wọ́n wá, wọn ò padà."

Ohun tó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ lọ́kàn Àmúdàtù ni pé nígbà tó pe Sùnmọ́nù lórí fóònù, tó ní òun fẹ́ mú káfíńtà wá wo òrùlé lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkùnrin náà kọ̀ kíá. "Jímọ̀ kò dáa. Ẹ jẹ́ kó di Sátidé." Ó tún pè lọ́sẹ̀ kejì. Èsì kan náà ni. Àmúdàtù gbé fóònù sílẹ̀. Ó sọ fún Teslim pé ohun yòówù tó wà nínú ilé yẹn, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń jáde.

Nítorí náà, Jímọ̀ ló lọ. Ó jókòó sọ́dọ̀ Dàda láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti ìrun, ó fi ìbòrí bojú dé àgbọ̀n. Kò pẹ́ tí obìnrin arúgbó kan tó wọ hìjáábù aláwọ̀ eérú fi yọ lórígun àdúgbò, ẹní wà lábíyá rẹ̀, ó sì mú búùtà omi lọ́wọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí géètì, ó wọlé bí ẹni tó ń wọ ilé ara rẹ̀. Àmúdàtù ka ení dé ogún, ó sì tẹ̀lé e.

Ilẹ̀kùn kékeré yẹn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Obìnrin náà jókòó lórí ẹní nínú yàrá, ó ṣí ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣe àdúà. Níwájú rẹ̀, ohun gbọọrọ kan tí wọ́n fi táìlì aláwọ̀ ewé bò wà nílẹ̀ láti ògiri kan dé ìkejì. Àmúdàtù kò tètè mọ ohun tó ń wò. Kò tilẹ̀ kí ènìyàn.

"Ta ló fún yín ní kọ́kọ́rọ́?"

Obìnrin náà parí àdúà rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ojú, ó wá yíjú. "Ẹ káàsán o. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ra ilé bàbá wa."

"Wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú yàrá yìí."

"Bàbá mi ló wà nínú ẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Èmi ni Sìnótù."

Àmúdàtù fà sẹ́yìn. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Sìnótù sún, ó fi ọwọ́ gbá ẹní pé kó jókòó, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó wà lórí ìdúró nígbà tí Sìnótù ń ṣàlàyé pé bàbá àwọn ló sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, pé ibi tí òun ti rí jẹ ni kí wọ́n sin òun sí. Wọ́n kó fúláwà jáde, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Jímọ̀ kan kò tíì kọjá láti ọdún méjìdínlógún yìí tí òun kò wá kí i. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ fẹ́ ra ilé náà sá lọ nígbà tí wọ́n gbọ́, ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n òun fi pinnu pé òun kò ní sọ fún ẹni kẹta.

"Kí lẹ wá ń sọ ọ́ fún mi sí?"

"Nítorí ẹ máa rí i náà ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá já ilẹ̀kùn yìí ńkọ́?" Sìnótù dìde, ó ń ká ẹní. "Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà, àbúrò mi. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan kẹ́ ẹ tó rí Taoheed. Òun ni àbíkẹ́yìn wa. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó lápá Makoko ló wà. Sùnmọ́nù kò sọ fún un pé òun ń ta ilé. Bí ẹ bá rà á láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, yóò lé yín jáde lọ́jọ́ kan, ẹjọ́ rẹ̀ yóò sì tọ́."

Ẹlòmíì ì bá dúpẹ́. Àmúdàtù rìn dé ilé, ó ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá-sẹ́yìn. Kí ló kan obìnrin yìí? Bóyá ó ní ẹni tirẹ̀ tó fẹ́ ta ilé náà fún. Bóyá kò sí ẹni tó ń jẹ́ Taoheed rárá. Bóyá òun àti Sùnmọ́nù jọ gbìmọ̀ ni, kí wọ́n lè dá òun dúró títí ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù yóò fi dé.

"Jẹ́ ká fi ilé náà sílẹ̀," ni Teslim wí nígbà tó gbọ́. Ẹ̀rù òkú ń bà á, kò sì fi pamọ́.

"Òkú kọ́ ló purọ́ fún mi," ni Àmúdàtù dá a lóhùn. "Alààyè ni."

Kò lè fi gbọ̀ngàn náà sílẹ̀. Ó ti to maṣíìnì rẹ̀ síbẹ̀ lọ́kàn, ó sì ti mọ fèrèsé tí òun fúnra rẹ̀ yóò jókòó tì. Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ bàtà tó tẹ́jú, ó gba Makoko lọ.

Láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń gbọ́ ariwo ayùn. Èérún pákó bo ilẹ̀ bí iyanrìn, èéfín ẹja tí wọ́n ń yan lápá omi sì ń wọ̀ ọ́ lójú. Wọ́n tọ́ka ọkùnrin gìrìpá kan sí i tó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara gẹdú, èérún wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni Taoheed, ọmọ Bàbá Oníbúrẹ́dì?"

Ọkùnrin náà gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó wò ó láti gèlè dé bàtà. "Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo fẹ́ ra ilé bàbá yín."

"Ilé bàbá mi kì í ṣe títà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sára ògiri." Ó fa fóònù yọ lápò, ó ya fọ́tò Àmúdàtù gbàà, ó tún ya ìkejì láti ẹ̀gbẹ́. "Ẹ mú káàdì ìdìbò yín wá kí n rí i."

Kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Àmúdàtù rí. Òun ló máa ń béèrè káàdì lọ́wọ́ ènìyàn. Inú bí i, ó ṣe bí ẹni tó máa yí padà, àmọ́ ó tú báàgì rẹ̀, ó sì mú káàdì náà fún un. Bí Taoheed ṣe ń wo fọ́tò inú káàdì, tó ń wo ojú rẹ̀, tó tún ń wo káàdì, ó ṣàdédé rí i pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé nínú gbogbo àwọn ọmọ Oníbúrẹ́dì, Taoheed nìkan ni òun kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Taoheed pe Sìnótù lórí fóònù. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó parí, ó jókòó lórí ìtì igi kan, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Nígbà tí bàbá wa kú," ló wí, "Ẹ̀gbọ́n ta ọkọ̀ tá a fi ń gbé búrẹ́dì kiri. Ojú títì ni mo ti rí ọkọ̀ bàbá mi, ẹlòmíì ń wà á. Ọjọ́ yẹn ni mo ra ọ̀dà pupa. Mi ò sọ pé ká má tà á, Màmá. Ilé náà ń bàjẹ́, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún fẹ́ tà á lẹ́yìn mi…"

"Ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ wọn," ni Àmúdàtù wí.

Ọjọ́ Àìkú ni Àmúdàtù, Teslim àti Taoheed lọ sílé Sùnmọ́nù ní Súrùlérè. Sìnótù ti dé ṣáájú wọn. Nígbà tí Sùnmọ́nù rí ẹni tó tẹ̀lé Àmúdàtù wọ pálọ̀, ó rọra gbé ife tíì tó mú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. Teslim nìkan ló ní, "Ẹ kúulé o," ohùn rẹ̀ sì dá wà nínú yàrá náà.

Àmúdàtù kò jókòó. "Alhaji, ẹ parọ́ ògiri fún mi. Ẹ parọ́ yàrá. Ẹ parọ́ àbúrò yín. Mẹ́ta nìyẹn. Bí ẹ̀kẹrin bá wà, ẹ sọ ọ́ báyìí kí gbogbo wa gbọ́."

Sùnmọ́nù wolẹ̀. "Mo ti dàgbà. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá kú, ilé yẹn máa wó lé bàbá wa lórí. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé sàréè wà níbẹ̀ ń sá. Taoheed kì í sì í gbé fóònù mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ pè mí?" ni Taoheed wí.

Sùnmọ́nù ń yí ife tíì náà po. "Ojú ń tì mí láti pè ọ́."

Sìnótù ń fi etí hìjáábù nu ojú. Taoheed wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, ó wá fa ìjókòó mọ́ ọn, ó sì jókòó. Ó kọjú sí Àmúdàtù. "Màmá, ẹ̀kẹrin wà. Òrùlé gbọ̀ngàn yẹn ń jò gan-an lójú ihò èéfín. Wọn ò sọ ìyẹn fún yín, àbí?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu gbogbo wọn, títí kan Sùnmọ́nù tí omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Àmúdàtù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹnu kò. Yàrá sàréè kò sí nínú ohun tí wọ́n tà. Wọn yóò fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn tó wọ inú gbọ̀ngàn, wọn yóò sì la òmíràn sí kọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí àwọn ọmọ lè máa wá kí bàbá wọn nígbà tó bá wù wọ́n. Lọ́yà Àmúdàtù kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i lójú ara wọn. Síbẹ̀, ó tún lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lẹ́ẹ̀mejì láti rí i dájú pé kò sí ẹlòmíì tó ń jẹ́ ọmọ Oníbúrẹ́dì tí orúkọ rẹ̀ wà níbì kankan. Kò sí.

Wọ́n kó wọlé nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Káfíńtà dí ihò èéfín. Maṣíìnì mẹ́jọ di mẹ́tàlá. Ní oṣù tí àwọn ọmọ máa ń wọlé sí sáà tuntun, iṣẹ́ pọ̀ débi pé Teslim gan-an kọ́ bí wọ́n ṣe ń gán bọ́tìnnì. Sìnótù ń wá ní gbogbo Jímọ̀, ó ń gba kọ̀rọ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde, kì í dá ẹnikẹ́ni láàmú. Àmúdàtù máa ń wò ó láti fèrèsé. Ó ń wo ohun tó gbé wá, ó ń wo ohun tó gbé lọ.

Nígbà tó yá, Jímọ̀ kan kọjá, Sìnótù kò wá. Ìkejì tún kọjá. Iṣẹ́ kò lọ mọ́ lọ́wọ́ Àmúdàtù. Kí ni obìnrin yìí ń ṣe níbi tó wà? Ní ọjọ́ Sátidé, ó gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ Taoheed, ó ra ọsàn dání, ó sì wá a lọ sí Ìdí-Òró. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wú, wọ́n fi báńdéèjì dì í dé orúnkún. Ó ṣubú ní balùwẹ̀ ni.

Sìnótù wò ó bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù ọsàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìyá Roqeeb, ẹ rò pé mo ti lọ gba lọ́yà ni?"

Àmúdàtù ronú pé òun máa sẹ́. Kò sẹ́ ẹ. "Mo rò ó, Àǹtí."

"Mo mọ̀."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro Sìnótù. Àmúdàtù fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ téèpù ọrùn rẹ̀ sórí ìrọ̀rí kí ó má baà dí i lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn fún un.